Ewé Jẹ́, Kí ni Ó Jẹ́? Àlàyé lórí Ewé, Àtọ̀gbẹ àti Ọmọ-Ogun Ara fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ àròkọ ajẹmọ́-ìṣípayá lórí ìwúlò ìṣègùn ìbílẹ̀, gbólóhùn kan wà tí kì í pẹ́ jáde: 'Ewé ejìnrìn máa ń jẹ́ fún àtọ̀gbẹ.' Olùkọ́ a fa ìlà pupa sí abẹ́ àmì ohùn tí kò tọ̀nà, yóò sì kọjá lọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn náà gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ ti dúró. Kí ni ewé náà jẹ́? Ṣé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ó dínkù ni, àbí àwọn ọmọ-ogun ara ni ó yí padà, àbí aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ara rẹ̀ dá? Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè náà ni a kì í sábà béèrè fún un.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ń dá sí ọ̀rọ̀ àrùn. Kì í ṣe iṣẹ́ dókítà ni mo fẹ́ gbà ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwọn tí ń ta àgbo nínú ọkọ̀ àti ní ẹnu ọ̀nà ọjà fi ń tà á, Yorùbá pọ́ńbélé sì ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó rà á gbọ́ Yorùbá náà, ó sì ṣe ohun tí ó gbọ́. Bí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ bá tìtorí gbólóhùn kan jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́ ínsúlìn rẹ̀, gbólóhùn náà ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní jàǹbá, kí ewé tó débẹ̀. Iṣẹ́ wa sì ni gbólóhùn.

Orúkọ àrùn náà

Bí a bá tú àtọ̀gbẹ sí wẹ́wẹ́, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe tọ̀ àti ọ̀rọ̀-ìṣe gbẹ. Títọ̀ títí tí ara fi gbẹ ni ó ń sọ. Àwọn tí ó sọ àrùn náà lórúkọ kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà, síbẹ̀ wọ́n rí ohun méjì tí dókítà òde òní ṣì ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn: ṣé ẹ ń tọ̀ jù, ṣé ẹ sì ń rù? Gẹ́gẹ́ bí àpèjúwe, orúkọ náà péye. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí ni ó sọ. Kò sọ ìdí rẹ̀, kò sì mẹ́nu ba ìgbà tí àrùn náà ti wà lára tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbẹ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní oríṣi kejì rẹ̀ lónìí ni ó sanra dáadáa. Bóyá nítorí èyí ni àwọn kan fi fẹ́ràn ìtọ̀ ṣúgà. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú kí a máa lo orúkọ méjèèjì, níwọ̀n ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi hàn.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fojú fò ni kí wọ́n máa kọ àtọ̀sí sí ibi tí ó yẹ kí àtọ̀gbẹ wà. Mo ti rí i nínú ìwé ju ẹyọ kan lọ. Àtọ̀sí jẹ́ àrùn tí ènìyàn ń kó nípa ìbálòpọ̀, àtọ̀gbẹ kì í ṣe àkóràn rárá. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ wọn ti ba ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lórúkọ jẹ́. Bákan náà ni àgbo tí a ń mu, agbo tí a ń jó nínú rẹ̀, àti àgbò tí a ń so mọ́lẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a máa rán ara wa létí pé ẹni tí ó kọ 'ó mu àgbò' kò ṣe àṣìṣe kékeré.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nìyí. Oúnjẹ tí a jẹ, pàápàá ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì, a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ṣúgà yìí tó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara kí ó sì di agbára, ínsúlìn ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tí àwọn dókítà ń pè ní páńkíríásì, ni ó ń ṣe ínsúlìn. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, ínsúlìn kò sí mọ́ tàbí kí ó kù díẹ̀ gan-an. Nínú oríṣi kejì, èyí tí ó pọ̀ jù láàárín àwọn àgbàlagbà, ínsúlìn wà ṣùgbọ́n ara ń kọ etí ikún sí i, títí tí ẹ̀yà ara tí ń ṣe é yóò fi rẹ̀. Bí ènìyàn kò bá tíì jẹun láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó 126 mg/dl tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò ọjọ́ mìíràn sì fi ohun kan náà hàn, àtọ̀gbẹ ni. Àyẹ̀wò mìíràn tún wà tí ó ń wo ṣúgà tí ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. HbA1c ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 2011 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ààlà. Kí a fi ìyàtọ̀ àyẹ̀wò méjèèjì sọ́kàn. A ó tún padà sórí rẹ̀.

Ọmọ-ogun ara àti àmì atọ́ka

Ìṣòro wa kejì jẹ́ ti èdè-ìperí. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni. Ní ti ara ènìyàn, olúkúlùkù ṣì ń ṣe bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Àwọn kan ń pe àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà ní 'ẹ̀jẹ̀ funfun'. Orúkọ yìí kò dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ méjì ni ó ń ṣàn nínú iṣan. Àwọn mìíràn ń lo àjẹsára. Ọ̀rọ̀ náà dára, ìtumọ̀ rẹ̀ sì hàn kedere, ohun tí a jẹ sí ara. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti gbà á fún abẹ́rẹ́ tí a ń gún fún ọmọdé, kò sì yẹ kí a gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ-ogun ara ni a ó lò níhìn-ín. Ogun ni wọ́n ń jà lóòótọ́, orúkọ náà sì gbà wá láyè láti sọ ohun kan tí àwọn orúkọ yòókù kò lè sọ: ọmọ-ogun lè ṣìnà, kí ó kọjú ìjà sí ìlú tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní gan-an nìyí. Àwọn ọmọ-ogun ara ni ó kọlu ibi tí a ti ń ṣe ínsúlìn, tí wọ́n sì pa á run. Ẹ wá wo ìpolówó tí a ń gbọ́ ní òwúrọ̀ lórí rédíò, pé àgbo kan ń fún ọmọ-ogun ara lágbára, nítorí náà ó dára fún àtọ̀gbẹ. Oríṣi wo? Ẹni tí ọmọ-ogun rẹ̀ ti dìtẹ̀ mọ́ ọn, ṣé agbára ni a tún fẹ́ fi kún tiwọn? Ní ti oríṣi kejì, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọmọ-ogun ara a máa lọ́ra: egbò ẹsẹ̀ kì í tètè jinná, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì máa ń tètè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Lẹ́sẹ̀ kan náà, iná abẹ́lẹ̀ kan a máa jó nínú ara rẹ̀. Mo pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó jọ wíwú àti gbígbóná tí ń yọ ní ojú egbò, ṣùgbọ́n kò hàn síta. Àwọn ọmọ-ogun wà lójú ogun láìsí ọ̀tá, wọ́n sì ń da ìlú láàmú.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé iná yìí ń jó? Àwọn èròjà kan wà tí a lè wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀. Àmì atọ́ka ni mo ń pè wọ́n. Èyí tí ilé àyẹ̀wò ń wọ̀n jù ni CRP, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe nígbàkigbà tí ogun bá bẹ́ nínú ara. Ọdún 1930 ni a ti mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ-ogun ń rán sí ara wọn, bí TNF àti IL-6. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀rá ara àwọn eku tí ó sanra jù ń tú TNF jáde, pé èyí sì wà lára ohun tí ń mú kí ara kọ etí ikún sí ínsúlìn. Ní ọdún 2001, ìwádìí mìíràn fi hàn pé àwọn obìnrin tí CRP àti IL-6 wọn ga ni ó ń ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì jù lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Èéfín ni àmì atọ́ka. Ó ń sọ fún wa pé iná wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ èéfín lọ kò tíì pa iná. Èéfín náà kì í sì í sọ inú ilé tí ó ti ń wá. Ibà lásán a máa gbé CRP sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni egbò, eyín tí ó ń ro, àti ikọ́. Bí a bá wọn CRP ẹnì kan lọ́jọ́ tí ibà wà lára rẹ̀, tí a fún un ní àgbo, tí a sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó dájú pé yóò ti wálẹ̀. Ìbá wálẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi lásán ni ó mu. Ìdí nìyí tí ìwádìí tòótọ́ fi gbọ́dọ̀ ní ọ̀wọ́ ènìyàn méjì, tí ọ̀kan yóò lo ewé, tí èkejì kò ní lò ó, tí a ó sì wọn méjèèjì bákan náà.

Ewé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Jàmáíkà

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ ní lọ́wọ́, nítorí pé ewé, àtọ̀gbẹ àti ọmọ-ogun ara pàdé nínú rẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ní Jàmáíkà, àwọn ènìyàn a máa se ewé òdòdó kan mu fún àtọ̀gbẹ. Catharanthus roseus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Erékùṣù Madagásíkà ni ó ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tàn ká àwọn ilẹ̀ olóoru; a máa ń gbìn ín síwájú ilé nílẹ̀ wa pẹ̀lú, òdòdó kékeré tí ó máa ń funfun tàbí kí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀bá rẹ̀ pín sí márùn-ún. Ní ọdún 1952, dókítà kan láti Jàmáíkà fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Dókítà Clark Noble ní Kánádà. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì yan ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí. Ní ọdún 1921, nígbà tí Frederick Banting fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó bí ínsúlìn ní Toronto, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni ó wà láti ràn án lọ́wọ́, Clark Noble àti Charles Best. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ta á láàárín ara wọn láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé, Best ni ó sì jẹ ẹ́. (Bí owó náà bá ti dojú dé ni, orúkọ mìíràn ni à bá máa kọ́ àwọn ọmọ wa.) Nígbà tí ewé Jàmáíkà dé, Clark Noble gbé e fún àbúrò rẹ̀, Robert Noble, tí ó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Western Ontario.

Robert Noble fi omi ewé náà fún eku mu. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò yẹsẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, wọn ì bá ti kọ ọ́ pé ewé yìí kò jẹ́, kí wọ́n sì dà á nù. Ṣùgbọ́n wọ́n tún gún un lábẹ́rẹ́ fún àwọn eku mìíràn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn yẹn sì ń kú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kòkòrò àrùn ni ó pa wọ́n, irú èyí tí ara tí ó le kì í jẹ́ kí ó gbérí. Wọ́n ka ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ewé náà ti wọ inú mùdùnmúdùn eegun, níbi tí a ti ń bí àwọn ọmọ-ogun, ó sì ti dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró. Charles Beer, tí ó mọ̀ nípa yíyọ èròjà inú nǹkan, dara pọ̀ mọ́ Noble, wọ́n sì yọ èròjà náà jáde. Ní ọdún 1958 ni wọ́n kéde rẹ̀. Vinblastine ni à ń pè é lónìí. Èkejì rẹ̀ láti inú ewé kan náà, vincristine, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, ó sì wà lára oògùn tí a fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. Àmì atọ́ka kan ṣoṣo ni, iye ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ-ogun náà gan-an ni ó di àrùn, tí wọ́n ń bí sí i láìdáwọ́ dúró. Bí iye wọn bá wálẹ̀, ọmọ náà lè yè. Nínú ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tí egbò wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, bí iye wọn bá wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè kú. Ewé kan náà ni, àmì kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó yí padà. Àwọn àyẹ̀wò mìíràn tí wọ́n ṣe lára eku lẹ́yìn náà sọ pé omi ewé yìí lè dín ṣúgà kù díẹ̀, nítorí náà a kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé irọ́ ni àwọn ará Jàmáíkà ń pa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tìtorí ṣúgà díẹ̀ fi àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ wewu?

Ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́

Nísinsin yìí, kí a padà sí gbólóhùn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Iṣẹ́ tí jẹ́ ń ṣe nínú èdè wa pọ̀. 'Mo jẹ́ olùkọ́.' 'Orúkọ mi ń jẹ́ Àdùkẹ́.' 'Jẹ́ kí ó lọ.' 'Mo pè é, ó sì jẹ́.' 'Oògùn náà jẹ́.' Lójú tèmi, méjì tí ó kẹ́yìn yìí sún mọ́ ara wọn ju bí ìwé gírámà ti ń fi hàn lọ. Nínú ìṣègùn Yorùbá, a máa ń pe ewé ni. Ẹni tí ó bá ti wo ìwé tí Pierre Verger gbé jáde lórí ewé ní ọdún 1995 yóò ti ṣe àkíyèsí bí ọfọ̀ ti ń mú ègé kan nínú orúkọ ewé, tí yóò sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a dún pọ̀ pàṣẹ fún un. Ewé tí a pè tí ó sì dáhùn, ó jẹ́ nìyẹn. Nínú ètò èrò yìí, ọ̀rọ̀ náà pé. Ìpè ni ó ṣáájú, gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó sì mọ ohun tí a ní kí ewé ṣe.

Nígbà tí a bá yọ jẹ́ kúrò níbẹ̀ wá sí inú àròkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ìpè náà a pòórá, ọ̀rọ̀-ìṣe a sì dá wà láìní àbọ̀. Ewé Jàmáíkà jẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè jiyàn rẹ̀. Kò kàn jẹ́ ohun tí a pè é fún ni. Àwọn àgbà sì ní òwe kan tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le sí i, pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ni kò pé. Mo mọ iṣẹ́ tí òwe yìí ń ṣe níbi tí ó yẹ ẹ́: ó ń kìlọ̀ fún oníṣègùn kí ó má ṣe fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe wọ́bìà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ṣe òfin ìwádìí kò ní mọ ìgbà tí oògùn kan kò dára láéláé, nítorí pé ewé kan yóò máa kù tí kò pé ni.

Bẹ́ẹ̀, a kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀. A ní dín kù, a ní tù, a ní rọlẹ̀, a ní dá dúró, a ní wò, a ní wò sàn. Ìyàtọ̀ wò àti wò sàn nìkan tó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan. 'Dókítà wò ó' sọ iṣẹ́ tí dókítà ṣe. 'Dókítà wò ó sàn' sọ ibi tí iṣẹ́ náà já sí. Títí di òní, ewé kankan kò tíì sí tí a lè sọ pé ó wo àtọ̀gbẹ sàn.

Ewé tiwa

Ewúro àti ejìnrìn ni a máa ń dárúkọ jù. Ewúro ti dín ṣúgà kù nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára àwọn eku tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún ní àtọ̀gbẹ. Eku ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti ejìnrìn, tí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ jẹ́ Momordica charantia, àwọn ẹgbẹ́ Cochrane kó àwọn àyẹ̀wò tí a ti ṣe lára ènìyàn jọ ní ọdún 2012. Mẹ́rin péré ni èyí tí ó kúnjú ìwọ̀n, ènìyàn 479 ni ó sì kópa nínú gbogbo wọn. Wọ́n ní ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé ó ran ẹni tí ó ní oríṣi kejì lọ́wọ́. 'Ẹ̀rí kò tíì tó' kì í ṣe 'kò jẹ́', kì í sì í ṣe 'ó jẹ́'.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi kọ ọ́ pé ejìnrìn wo ìyá òun sàn. Mo bi í bí ó ti mọ̀. Ó mú ìwé kékeré kan wá tí ó ti ń kọ ṣúgà ìyá rẹ̀ sí láràárọ̀, iṣẹ́ tí ó wú mi lórí. Ó ti wá láti 290 sí 210 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní, 'Kí ni ẹ tún yí padà nínú ilé?' Ó ronú díẹ̀, ó ní ìyá òun kò jẹ ẹ̀bà alẹ́ mọ́ láti ìgbà tí ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ti ní kí ó má ṣe jẹ ẹ́ pẹ̀lú àgbo. Mo béèrè oògùn ilé ìwòsàn. Ó ní wọ́n ti dá a dúró. Mo ní ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó ní egbò kan wà ní ọmọ ìka tí kò tíì jinná. Ó wá wò mí lójú, ó ní, 'Sà, 210 náà ṣì ga, àbí?' Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ìyá náà padà sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n wọn HbA1c rẹ̀, èyí tí kì í tètè gba irọ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mo rò pé ẹ̀bà ni ó ṣe iṣẹ́ tí a gbé fún ejìnrìn, ṣùgbọ́n ìwé kékeré yẹn kò lè fi ìdí ìyẹn náà múlẹ̀, nítorí pé ohun mẹ́ta ni wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bu ẹnu àtẹ́ lu ewé. Oògùn tí àwọn dókítà ń kọ jù fún àtọ̀gbẹ oríṣi kejì lágbàáyé, metformin, láti ọ̀dọ̀ ewéko ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá. Galega officinalis ni ewéko náà, àwọn ará Yúróòpù ti ń lò ó láyé àtijọ́. Èròjà tí ó wà nínú rẹ̀ ń dín ṣúgà kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní májèlé. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì wá ṣe èyí tí ó jọ ọ́ tí kò pani lára tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe metformin, ọdún 1957 sì ni Dókítà Jean Sterne ní ilẹ̀ Faransé tó kéde ohun tí ó rí nígbà tí ó fi tọ́jú ènìyàn. Ọdún márùndínlógójì wà láàárín méjèèjì. Ohun tí ó yàtọ̀ sí àgbo nínú rẹ̀ ni ìwọ̀n: hóró kan kò ju hóró kejì lọ, ṣùgbọ́n ìkòkò àgbo tòní kò rí bí ti àná. Ẹni tí ó sì ń lo oògùn ilé ìwòsàn tí ó tún ń mu àgbo tí ó lè dín ṣúgà kù láìsọ fún dókítà rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ 70 mg/dl, kí òógùn bo ara rẹ̀, kí ó máa gbọ̀n, kí ó sì dákú.

Bí a ṣe lè gbé e wọ kíláàsì

N kò ní lo àkókò púpọ̀ lórí ìlànà, nítorí pé olúkúlùkù mọ kíláàsì rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, kí n sì ní kí wọ́n wá olùwà, àbọ̀ àti ẹ̀rí rẹ̀. 'Ewúro jẹ́ fún àtọ̀gbẹ' yóò wá di 'Omi ewúro dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku tí ó ní àtọ̀gbẹ kù.' Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì dùn tó o létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kà á kò ní da abẹ́rẹ́ rẹ̀ nù. Èmi a máa fún èkejì ní máàkì ju àkọ́kọ́ lọ, bí àmì ohùn àkọ́kọ́ tilẹ̀ pé. Mo mọ̀ pé àwọn olùyẹ̀wéwò kan kò ní gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, pé èdè ni a ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n nínú àròkọ ajẹmọ́-ìṣípayá, kí ni a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí payá bí kò bá ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an?

Iṣẹ́ mìíràn tí ó máa ń mú kíláàsì gbóná jẹ́ ti aáyan ògbufọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ìgò àti páálí oògùn ìbílẹ̀ tí NAFDAC fún ní nọ́ńbà, gbólóhùn kékeré kan wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń sọ pé àjọ náà kò tíì ṣe àyẹ̀wò ohun tí olùpèsè sọ pé oògùn náà ń ṣe. Àwọn tí ó ń ra oògùn náà jù kì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà wọn. Ọ̀kan kọ: 'NAFDAC ti fọwọ́ sí i.' Nọ́ńbà ni ó rí, kò ka ìyókù. Ẹlòmíràn kọ: 'NAFDAC ní irọ́ ni.' Èyí náà ti kọjá ohun tí wọ́n sọ. Ẹ̀kẹta kọ: 'NAFDAC kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe ni ó ń ṣe lóòótọ́.' Kíláàsì jiyàn lórí tíì fún bí ìdajì wákàtí, bóyá ó túmọ̀ sí pé wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Mo fún ẹ̀kẹta ní máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mo sì ní kí ó kà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tí ó ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù sì kọ ọ́ sínú ìwé.